Ẹni Tó Ń Gun Òṣùwọ̀n

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni orúkọ Dona Felismina fi wà ní àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà mi. Mi ò ní purọ́, inú mi ń dùn sí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Alentejo, ní ilẹ̀ Portugal. Idalina lorúkọ mi. Tẹ́lẹ̀, àwa mẹ́ta là ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ ní gbogbo abúlé tó yí wa ká. Ọ̀kan fẹ̀yìn tì, ọ̀kan kó lọ sí Switzerland, ó wá ku èmi nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ dé.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Ohùn obìnrin ni, inú kọ̀ǹpútà ló ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ní làákàyè tirẹ̀. Láago mẹ́jọ àárọ̀, á pe gbogbo àwọn aláìsàn wa lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, igba ó lé méjìlá ènìyàn. Á bi wọ́n bóyá wọ́n sùn, ìrọ̀rí mélòó ni wọ́n gbé orí lé, ṣé ẹsẹ̀ ń wú. Á ní kí wọ́n gun òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n náà á sì fi iye kílò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ọkàn bá ti ń kùnà, omi a máa dúró sára. Ìwọ̀n á ti sọ ọ́ kí èémí tó sọ ọ́. Kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ̀rọ á ti pín gbogbo orúkọ sọ́nà mẹ́ta: pupa, kí n sáré lọ, yẹ́lò, kí n pè, àwọ̀ ewé, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Menina ni àwọn arúgbó ń pè é, bí ẹni ń pe ọmọge àdúgbò. Ó sì ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tó ti dé, iye àwọn tí ọkọ̀ pàjáwìrì ń gbé lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ẹni ló ń bí òmíràn. Ó máa ń kọ àkíyèsí wẹ́wẹ́ sábẹ́ orúkọ: ẹni yìí ń wúkọ́, ẹni yìí pẹ́ kó tó dáhùn, ẹni yìí ń sunkún. Ó ń tó ọgọ́ta lóòjọ́. Bọ́tìnì kan wà tí à ń tẹ̀ láti fi hàn pé a ti kà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láìkà.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa dá ohùn mọ̀ ni. Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ Felismina pé: ohùn tó dáhùn kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohun kan náà ló kọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́rú, mo tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, ṣàdédé ni mo dúró lórí bọ́tìnì náà, mi ò mọ ohun tó dá mi dúró. Mo kà á. Mo padà ka ti ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣáájú. Mo gbé fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ o. Dona Felismina ńkọ́?"

"Èmi náà nìyí." Ohùn náà ń dún ketekete. Felismina tí mo mọ̀ kì í sọ gbólóhùn kan tán kó má dúró mí.

"Ẹ̀yin ni Felismina?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ara le. Ẹ ṣeun, ó dàbọ̀." Ó gé fóònù mọ́ mi létí.

Aláìsàn méjì ló wà ní pupa lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n tó wa kìlómítà méjìdínlógójì lọ sí Vale de Sobro, abúlé Felismina. Oòrùn ti yẹ̀ kí n tó dé. Zulmira, àbúrò Felismina, ló ṣílẹ̀kùn. Àwọn méjì náà ló jọ ń gbé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó sì dí ẹnu ọ̀nà pa tòun ti ọ̀bẹ búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn."

"Èmi náà ì bá máa sùn. Ẹ kúrò lọ́nà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la."

"Zulmira." Ohùn kan ti inú ilé wá. Ó dúró, ó mí. "Jẹ́ kó wọlé. O ò mọ irọ́ í pa."

Felismina wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan, ìrọ̀rí lẹ́yìn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé orí àga náà ló ń sùn mọ́jú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kún ju bàtà lọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, kòtò tó dá síbẹ̀ ò padà kún. Mo fi ohun èlò tí a fi ń gbọ́ èémí tẹ́tí sí ẹ̀yìn rẹ̀: omi ti gun ẹ̀dọ̀fóró dé àárín.

"Ta ló ń gun òṣùwọ̀n?" ni mo bèèrè.

Zulmira gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èmi ni. Láràárọ̀. Kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta lèmi náà, bó ṣe wà kó tó wú. Nọ́ọ̀sì, ojú mi rí nǹkan! Ọmọ ìbátan wa ṣègbéyàwó, mi ò lè fẹnu kan kéèkì. Mo ní bí mo bá fi lè sanra pẹ́nrẹ́n, Menina á rán ọkọ̀ pàjáwìrì wá gbé e."

Felismina rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ebi ń pa á... torí omi... tó wà lára mi."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń pa ara yín? Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án! Oògùn wà, èmi náà sì wà!"

"Jókòó, ọmọ mi," Felismina wí. "Ó rẹ̀ ọ́ jù mí lọ."

Mo jókòó. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró mí. Nígbà òtútù tó kọjá, ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá, lábẹ́ iná tí wọn kì í pa. Ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tirẹ̀ kú ní ìdájí. Wọ́n gbé oúnjẹ àárọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bò ó lójú.

"Kì í ṣe pé wọ́n burú," ó wí. "Wọn ò ráyè ni. Mo ní kí Zulmira búra pé wọn ò ní gbé mi padà síbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ? Ìgbà wo lo wá kẹ́yìn?" Ó wò mí títí. "Menina ń bi mí nípa ẹsẹ̀, ó ń bi mí nípa ìrọ̀rí. Kò bi mí rí níbi tí mo fẹ́ wà."

Láràárọ̀ tí mo bá rí orúkọ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé ni mo ń dúpẹ́ pé ilé kan wà tí mi ò ní í lọ.

Mo jáde sí àgbàlá, mo pe Dókítà Quintas, dókítà ilé ìwòsàn wa.

"Gbé e wá," ó wí.

"Kò ní í wá."

"Idalina, bó bá kú sílé ńkọ́?"

"Bó bá kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Abẹ́rẹ́ tó ń lé omi, sínú iṣan, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ká lè máa wo kíndìnrín. Bí kò bá fúyẹ́ títí di ọjọ́ Àìkú, ó ń bọ̀ nìyẹn." Kò bèèrè ẹni tí yóò máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Mo sọ ọ́ fún Felismina. Ó ní kí n ṣèlérí pé bó bá di dandan kó lọ, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mi ò lè ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi, ìyá."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. "Ó dáa. Ìwọ ò parọ́ fún mi." Ó na apá sí mi.

Kílò àádọ́rin ló wà lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ, mo bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, oorun gbé mi nínú mọ́tò níwájú ilé wọn, Zulmira ló kan gíláàsì, ó gbé açorda, ọbẹ̀ búrẹ́dì gbígbóná, dání. "Ẹ jẹun," ó wí, "kí wọ́n má bàa máa wá abẹ́rẹ́ tiyín náà." Lọ́jọ́ Àìkú, Felismina ti di kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó sì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lọ síbì kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún Dókítà Quintas pé mo ti ń tẹ bọ́tìnì láìkà. Ó bojú wolẹ̀. Ó ní òun náà ń tẹ tòun. A wá kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un: níbo lẹ fẹ́ ká ti máa tọ́jú yín? Lẹ́tà mẹ́ta àti oṣù méjì ló gbà wá. Kí ìbéèrè náà tó dé, ẹnu ni mo fi ń bi àwọn aláìsàn, láti ilé dé ilé. A tún bẹ àwọn tó ni ẹ̀rọ pé kí wọ́n dín àkíyèsí wẹ́wẹ́ náà kù, wọn ò tíì dá wa lóhùn lórí ìyẹn.

Nígbà òtútù yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orúkọ Felismina di pupa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gun òṣùwọ̀n báyìí, ẹ̀rọ sì ń rí i ní ọjọ́ méjì kí èémí rẹ̀ tó há. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni mo lọ.

Ó kú ní oṣù kẹta ọdún, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn kọfí àárọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Zulmira fúnra rẹ̀ ló pè mí. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, ó di apá mi mú.

"Ẹ lọ sùn, Nọ́ọ̀sì. Ẹ lọ sùn."

Mo ní mo gbọ́. Mo wọ mọ́tò. Senhor Abílio, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wa, wà ní yẹ́lò láti àárọ̀, kò sì gbé fóònù. Mo yà sọ́nà ilé rẹ̀.