Orí tí Lùkúmọ̀n Àgbò fi jẹun

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí Ganiat ti ń ṣe akọ̀wé ní kóòtù Igbóṣéré, kò sì sí lọ́yà kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ìyàwó Lùkúmọ̀n Àgbò ni. Àwọn àgbà lọ́yà á dúró lẹ́nu tábìlì rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ẹjọ́, wọn á ní, "Ẹ bá wa kí Àgbò o." Ó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ tí gbogbo ayé mọ̀, dandan ni kó máa jíṣẹ́ ìkíni.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí Lùkúmọ̀n sí, nínú agboolé kan lẹ́yìn Jankárà. Kò ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dá àrà kankan, àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, tirẹ̀ ni. Á sún sẹ́yìn díẹ̀, á fò, ọrùn rẹ̀ á le gbagidi, á sì fi orí kàn án pò! Àwọn tó ń mú àgbò jà ládùúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, ó sì tún gbá a ní Bẹ́ljíọ̀mù àti ní Tọ́kì. Nínú góòlù mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó gbá wọlé fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè, méjìlélógún ló fi orí kàn. Adéyẹmí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó máa ń sáré bí ìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ló ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún un. Lẹ́yìn ìdíje mìíràn, Lùkúmọ̀n á bì, ojú rẹ̀ á ṣú fún ìgbà díẹ̀. Á lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, á sì lọ sùn. Ta ló máa ka ìyẹn sí àìsàn?

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan, níbi tó ti ń ṣàlàyé bí ìdíje ṣe ń lọ fáwọn olùgbọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ayé rẹ̀ gún. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Bilqis, lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni nǹkan yí padà. Lùkúmọ̀n kúrò ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kò sì délé. Marina ni Ganiat ti rí i, tó jókòó láàárín àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní CMS, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ìyá Bilqis," ó ní, "wọ́n ti yí ọ̀nà ilé padà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín débi tí omijé bọ́ lójú wọn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó kí ìrun Alásàrì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀rín sì tán. Lẹ́yìn náà ni ó sọ lórí rédíò pé Adéyẹmí ni yóò gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ní Sátidé tó ń bọ̀. Adéyẹmí ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ilé iṣẹ́ rédíò ní kí ọ̀gá lọ sinmi díẹ̀. Wọn ò pè é padà.

Dókítà tí wọ́n rí, obìnrin tó ń jẹ́ Ẹniọlá, gbé fọ́tò tí wọ́n yà nínú ọpọlọ Lùkúmọ̀n sójú iná. Ó fi bíírò tọ́ka sí ibi tó ti ń sún kì.

"Ìgbà wo ni yóò san?" ni Lùkúmọ̀n bi í.

"Kì í san, sà. A ó fún yín ní oògùn tí ẹ ó fi máa rí oorun sùn. Àmọ́ kì í padà sẹ́yìn."

"Kí ló fà á?"

Dókítà wo ojú Ganiat kó tó dáhùn. "N ò lè búra, sà. Ṣùgbọ́n orí tó ti ń kan bọ́ọ̀lù láti kékeré, tí kò sinmi fún bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n..."

Lùkúmọ̀n fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀. "Èwo nínú wọn ni?"

"Èwo kí ni, sà?"

"Nínú àwọn bọ́ọ̀lù náà. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún mi. Ǹ bá ti jẹ́ kí ìyẹn kọjá."

Dókítà rọra gbé fọ́tò náà kúrò lójú iná.

Láyé ìgbà yẹn, iyè rẹ̀ ṣì máa ń sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ganiat," ó ní, bẹ́ẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀, "ọjọ́ ń bọ̀ tí n ò ní mọ ohun tí mò ń ṣe. Má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ sórí pápá kí wọ́n máa fi mí ṣe ìran wò. Bí wọ́n ṣe mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Láéláé, Bàbá Bilqis. Wọn ò ní mú yín lọ."

Lọ́dún tó kọjá ni Sùrájù dé, ọ̀rẹ́ Lùkúmọ̀n láti kékeré, tó ti di kóòṣì báyìí. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ́ gbá ìdíje kan ní pápá Campos láti fi yẹ́ Àgbò sí. Lójú àtẹ̀gùn ni Ganiat ti dá a dúró, ó ní kò ṣeé ṣe. Àṣé Lùkúmọ̀n wà lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ìgbà wo la máa gbá a?" ó fi ẹ̀rín bi wọ́n.

Ó tó oṣù mẹ́jọ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wọ jẹ́sì rẹ̀ àtijọ́, á bèèrè pé, "Ṣé òní ni?" Oúnjẹ tí kì í fẹ́ fọwọ́ kàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ tán. Ganiat ò mọ èyí tí yóò ṣe. Ọkọ tó ṣèlérí fún ti lọ síbi tí ohùn rẹ̀ ò lè dé mọ́. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ojú bí ti ọmọdé. Ó rò ó títí ó fi sú u.

"Ẹ máa mú un lọ," ó sọ fún Sùrájù níkẹyìn. "Àmọ́ bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ kan orí rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi?"

"Ìyá Bilqis, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Pápá kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lùkúmọ̀n juwọ́ sáwọn èèyàn, ó gba àwo ẹ̀yẹ, ó sọ pé "Ẹ ṣé, Ọlọ́run ó bù kún yín," láìṣì í sọ. Ganiat bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe pariwo láti òkè pé, "Àgbò! Kàn án!" Gbogbo pápá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kàn án! Kàn án!" Ariwo náà wọ Sùrájù lára bí ọtí. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí igun pápá, ó sì gbá a sókè.

Lùkúmọ̀n sún sẹ́yìn. Ó fò. Ó kàn án pò, bọ́ọ̀lù sì wọnú àwọ̀n.

Ariwo gba pápá kan. Àwọn àgbàlagbà ń sunkún ayọ̀. Lùkúmọ̀n na ìka sí igun pápá, ó ń kígbe, "Adéyẹmí! Gbé òmíràn wá!" Òmíràn sì wá. Kí bọ́ọ̀lù kẹta tó dé, Ganiat ti bọ́ bàtà, ó ti sáré wọ àárín pápá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí ọkọ rẹ̀.

Lùkúmọ̀n rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò bínú rárá. "Màdámù," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lórí pápá. Rẹfirí á lé yín jáde."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Kò mọ Ganiat lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìró kan tí Ganiat ń gbọ́ gbì, gbì, gbì ló mú un sáré wọ yàrá. Lùkúmọ̀n wà lójú ògiri, ó ń sún sẹ́yìn, ó ń fi orí kàn án, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn sí i lójú. Ó ń retí kí ẹnì kan gbé bọ́ọ̀lù wá.

Sùrájù wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ganiat ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Kò lè bínú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n mú un lọ.

Wọ́n pe káfíńtà, ó ń kan fóòmù mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lùkúmọ̀n jókòó sórí àga, báńdéèjì lórí, ó ń wo iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni náà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ta ló fẹ́ kó wá síbí?"

Káfíńtà wo Ganiat. Ganiat wọ pálọ̀, ó mú bébà, ó sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ ní Igbóṣéré pé òun ò ní lè wá síbi iṣẹ́ mọ́.