Àmì Dúdú ní Gìgísẹ̀ Màmá Maeng

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni Màmá Maeng Bun-rye wá gbà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Tak Mi-ryeong lọ́jọ́ náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kó sí i ní bàtà, ó sì bọ́ ọ láti gbọ̀n ọ́n dànù. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì rí àmì dúdú ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó tó èékánná àtàǹpàkò, etí rẹ̀ rí págunpàgun.

"Màmá, ìgbà wo lèyí ti débẹ̀?"

"Àpáta ló gún mi lábẹ́ omi. Ẹni tó ti ń mòòkùn láti ọdún márùndínláàádọ́ta, ṣé ẹsẹ̀ ọmọge lo fẹ́ bá lára rẹ̀ ni?"

"Mo ní ìgbà wo?"

"Bóyá èṣí. Bóyá ìdúnta. Fún mi lóògùn mi, omi ti ń fà, àwọn ẹgbẹ́ mi ń dúró."

Kò sí dókítà ní erékùṣù Sodaedo. Mi-ryeong nìkan ló ń tọ́jú gbogbo wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó kọjá, ilé ìwòsàn ìlú ńlá fún un ní awò kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ ojú fóònù, tó ń sọ awọ ara di ńlá, kó lè máa ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Dókítà Pyo, onímọ̀ nípa awọ. Ó ya gìgísẹ̀ Màmá, ó fi ránṣẹ́.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì: "Ó jọ ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ, àmọ́ fọ́tò yìí kò mọ́ tó. Ẹ tún un yà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Oṣù mẹ́ta! Mi-ryeong mọ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ẹsẹ̀ àwọn amòòkùn kún fún un, kì í sì í lo ọdún kan kó tó pòórá. Kò bínú sí dókítà. Ohun tí òun fi hàn án ló rí.

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ bá Màmá níbi tó ti ń sá ewé òkun.

"O tún dé? Ṣé ẹsẹ̀ mi rẹwà tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó rẹwà, Màmá. Ẹ gbé e sórí itan mi."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mi-ryeong rọra fá awọ líle tó bo àmì náà, ó kun tádàwá búlúù sí i, ó sì fi òwú nù ún. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ní ebè àti poro bí oko. Inú poro ni tádàwá máa ń dúró sí. Bí dúdú àmì bá wà nínú poro pẹ̀lú rẹ̀, ọkàn èèyàn á balẹ̀ díẹ̀. Ti Màmá kò sí níbẹ̀. Orí ebè ló tò sí, ibi tí àmì burúkú máa ń wà.

Ó ya fọ́tò mẹ́fà, ó fi wọ́n ránṣẹ́, ó sì pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìkẹta. Orí ebè ni."

Dókítà ṣí ìkẹta wò. "Ta ló kọ́ yín ní tádàwá yìí?"

"Ẹ̀yin ni, lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ jù mí lọ. Ẹ mú Màmá wá sílé ìwòsàn lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀?" Màmá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. "Lọ́la la máa bẹ̀rẹ̀ sí kó ìgbín òkun! Ṣé ó dá ọ lójú pé àrùn ni?"

"Ó dá mi lójú pé kò yẹ ká dúró. Tí wọ́n bá gé e báyìí, ẹ óò tún mòòkùn."

Màmá Seol, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè nídìí ewé tó ń sá. "Màá kó tìẹ mọ́ tèmi. Lọ, jàre, olórí kunkun."

Àrùn jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé jìn. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n sì fi awọ ibòmíràn lẹ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò pọn dandan kí Màmá máa wọ ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí mẹ́ta lọ sílùú ńlá kí wọ́n tó lè wo ojú ọgbẹ́ náà. Mi-ryeong ń yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Dókítà Pyo ń wò ó láti ibi tó wà. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí lọ́wọ́ọ́rọ́, Màmá padà sínú òkun.

Dókítà pàṣẹ pé kí gbogbo fọ́tò àmì dúdú àtẹ́lẹsẹ̀ máa bá tádàwá wá. Mi-ryeong ló pè láti wá fi han àwọn nọ́ọ̀sì erékùṣù méje, obìnrin náà sì kọ́ wọn. Bó ṣe padà dé, àwọn tó fẹ́ kó ya awọ ara wọn ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Màmá Seol ló ṣáájú, ó ń họ àmì kan lọ́rùn rẹ̀.

"Yà á dáadáa o," ó ní. "Kí dókítà yẹn má rò pé arúgbó ni mí."