Ìrìn Ọjọ́ Kan Ààbọ̀

Nígbà tí òtútù Jọ́ọ̀sì ṣì jẹ́ òtútù, tí èèyàn ń jí láàárọ̀ tí èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó gbé sìgá mì, àwọn mọ́kànlá kan máa ń pàdé lọ́jọ́ Ìsinmi ní pálọ̀ Olúkọ́lá ní Dadin Kowa láti ka ìwé mímọ́ àwọn Mọ́mọ́nù. Ọdún 1982 là ń wí. Ìwé náà ti bá ìfìwéránṣẹ́ dé láti Amẹ́ríkà. Ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ kò bá a dé. Nítorí náà, olúkúlùkù ló ń ṣàlàyé.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ibi tí ilẹ̀ inú ìwé náà wà gan-an. Ìwé ò dárúkọ ìlú kan tí èèyàn lè rí nínú máàpù ilé ẹ̀kọ́. Ó kàn sọ pé ọrùn ilẹ̀ tóóró kan wà láàárín òkun méjì, tí ọmọ Néfáì, ẹ̀yà inú ìwé náà, lè fẹsẹ̀ là kọjá ní ọjọ́ kan ààbọ̀.

Bámgbóṣé, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìwakùsà, ní Panama ni: àádọ́ta máìlì. Ó ti yà á sórí bébà ilé iṣẹ́, ọfà tó fi tọ́ka sí àríwá sì lẹ́wà débi pé àríwá gan-an ì bá tijú. Olúkọ́lá, aláṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní irọ́ ni, Mẹ́síkò ni. Ọrùn ti Mẹ́síkò jẹ́ máìlì márùndínláàádóje, ṣùgbọ́n Olúkọ́lá ní ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò ní ní Amẹ́ríkà: ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Bàbá náà máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà lòun fi rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jọ́ọ̀sì, ẹrù aṣọ lórí. Olúkọ́lá mú lẹ́ẹ̀dì, ó pín gbogbo máìlì ìrìn náà sí ọ̀nà mẹ́fà, ó mú ọ̀kan, ó fi ààbọ̀ rẹ̀ kún un. Ó kù díẹ̀ kó dé Mẹ́síkò. Ó ní ẹrù ló fa díẹ̀ yẹn. Ta ló gbọ́ pé ọmọ Néfáì ru aṣọ?

“Arákùnrin Olúkọ́lá,” ni Bámgbóṣé wí, “ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ilẹ̀ káàkiri Bukuru. Ohun tó bá ń rin máìlì mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lóòjọ́, èèyàn kọ́. Ẹṣin ni, ẹṣin ọ̀hún á sì kú.”

“Ṣé bàbá mi purọ́ ni?”

“Haba, èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣéènì tí mo fi ń wọnlẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Olúkọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lè kó Mẹ́síkò lọ bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ló fi dàgbà. Nígbà ọyẹ́, bàbá rẹ̀ á na ẹsẹ̀ gbọọrọ síwájú ìkòkò iná, á tún un sọ. Bàbá àwọn ọmọ yòókù kàn wá sí Jọ́ọ̀sì ni. Tirẹ̀ ṣẹ́gun ọ̀nà. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á mú ẹlẹ́rìí wá.

“Ìyá Falilat ní àdúgbò Ali Kazaure ńkọ́?” ni Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi í. “Ṣebí àwọn àti bàbá yín jọ wá ni.”

Ó bá arúgbó náà níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Ọjọ́rú, tó ń yáàrùn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Lẹ́yìn tó kí i tán, ó béèrè.

“Kai, Olú. Ta ló rìn wá sí Jọ́ọ̀sì? Ìlọrin la ti wọ ọkọ̀ ojú irin.”

“Màmá, bàbá mi ní ọjọ́ mẹ́fà.”

“Bàbá rẹ fẹ́ràn fáàrí. Gbogbo ibi tá a ti dúró de ọkọ̀ ló kà mọ́ ọn. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin la rìn, ọjọ́ kan ààbọ̀. Kò yẹ kó tó bẹ́ẹ̀, ibà ló ń ṣe ọ́. Ìyá rẹ ò tíì pé ogójì ọjọ́ tó kú. Bàbá rẹ já ẹrù aṣọ sílẹ̀ lọ́nà, ó gbé ọ kọ́rùn, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí a fi débẹ̀.”

“Kò sọ fún mi rí.”

“Ó ní ká má sọ. Ó ní ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lẹrù, á máa rò pé òun wúwo.”

Olúkọ́lá fẹsẹ̀ rìn padà sí Dadin Kowa. Kó tó délé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lè dákẹ́. Ìyá Falilat ò ní wá jẹ́rìí ní pálọ̀ Mọ́mọ́nù. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀, àti ọkọ̀ ojú irin, àti ibà. Bámgbóṣé ti fa lẹ́ẹ̀dì yọ kí Olúkọ́lá tó jókòó. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin: máìlì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó wò ó, ó tún un wò. Mẹ́síkò ti lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá náà ò dé àádọ́ta ti Panama pẹ̀lú.

Awọnlẹ̀ náà tún fi lẹ́ẹ̀dì kan bébà.

“Ọmọ yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Mẹ́ta.”

“Ṣé ìgbà òjò ni?”

“Ìgbà òjò ni.”

“Tò. A ó fi máìlì mẹ́jọ kún un nítorí ọmọ. Ẹrẹ̀, mẹ́rin.” Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò gbójú sókè. “Ibà náà ńkọ́, mélòó ni ká fún un?”

Olúkọ́lá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Ẹ fún ibà ní márùn-ún,” ló wí. “Wọ́n ní ó le gan-an.”