Ó Wà ní Mọdákẹ́kẹ́

Ní ilé wa ní Òkèrèwè, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò kì í dágbére. Bí ará ilé bá béèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó lọ sóko, tàbí ó lọ kí àǹtí rẹ̀. Ó di ìgbà tó bá dé ibi tó ń lọ láyọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn gbọ́. Bí bàbá mi ṣe sìn mí sọ́nà nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé, láti ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni jí ewúrẹ́ gbé. Ọdún tí mo ti lò lókè òkun ti ju èyí tí mo lò nílé lọ, síbẹ̀ bí mo bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, n kì í sọ fún aládùúgbò mi, òyìnbó tí kò tilẹ̀ lè pe orúkọ mi.

Ọyẹ́ ọdún tó kọjá bá mi nílé. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi, Àyọ̀kẹ́, ni mo dé sí. Ó ti padà sí ilé bàbá wa lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ìbùkúnọlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fàòsíyà, sì fẹ́ lọ sí Kigali ní ilẹ̀ Rwanda fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ. Ọmọ ní òun fẹ́ rà á, kó lè jẹ́ pé bí àìsàn bá ká òun mọ́ òkèèrè, ilé iṣẹ́ náà ni yóò sanwó ilé ìwòsàn.

"Ẹni tó bá sanwó àìsàn sílẹ̀," ni Àyọ̀kẹ́ wí, "àìsàn náà á wá gba ẹrù rẹ̀."

"Màámi, ẹ máa ń mú agboòrùn lọ sí Ẹnuwá. Ṣé ẹ̀ ń pe òjò ni?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní níbi tí mò ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ kì í wọ bàálù láìrà á.

"Àwọn yẹn ò ní ará ilé," ni Àyọ̀kẹ́ dá mi lóhùn.

Ìbùkúnọlá rà á ní kọ̀rọ̀, lórí fóònù rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti bàtà tó wọ̀ lọ. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ló fún wọn, pé òun ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún, ó sì bẹ̀ mí pé kí n pa á mọ́nú.

Bí òun àti Fàòsíyà ṣe jáde ní ìdájí, Àyọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ òun wà ní Mọdákẹ́kẹ́, lọ́dọ̀ ìyá Fàòsíyà. Ìyá Láoyè, ìyàwó ilé wa, ló ń ṣọ́ra fún jù. Kí ni obìnrin náà ṣe é? N kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹni, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fúnni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo ti Ẹnuwá dé, mo bá Àyọ̀kẹ́ nínú yàrá. Ó ti ki fóònù rẹ̀ bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

"Bọ̀dá mi, àwọn ọmọ yàhúù ti rí mi o! Ọkùnrin kan pè mí, ó ní Ọlátẹ́jú lorúkọ òun. Ó pe orúkọ ọmọ mi ní kíkún, ó ní ṣé lóòótọ́ ló wà lókèèrè. Mo ní rárá o, ó wà ní Mọdákẹ́kẹ́. Ó tún pè. Mo ní ọmọ mi ò ní pásípọ́ọ̀tù rí láyé rẹ̀. Ìgbà tó tún pè, mo gbé e ṣépè, mo pa fóònù."

"Níbo ló ní òun ti ń pè?"

"Ó ní ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ṣé ẹ rí irọ́?"

Kí n tó lanu, fóònù tèmi dún. Fàòsíyà ni, ó ń sunkún. Inú ti ń run Ìbùkúnọlá láti àná. Dókítà ní àpẹ́ńdíìsì ni, ó sì ti fẹ́ bẹ́ sí i nínú. Kílíníkì tí wọ́n wà kò lè ṣiṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn ńlá tó lè ṣe é ń retí ọ̀rọ̀ àwọn onínṣọ́ránsì kí wọ́n tó gbà á wọlé.

"Àwọn yẹn sì ti dá owó náà dúró, Bàbá. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ sọ pé ọmọ òun wà nílé, pé bóyá ẹlòmíràn ló ń lo orúkọ rẹ̀. Ibà ti mú un, ó ń sọ ìsọkúsọ, kò lè dá wọn lóhùn. Owó ọwọ́ wa ò sì tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Màámi sọ̀rọ̀!"

Àyọ̀kẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fa fóònù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó nà án sí mi, mo bá a tẹ nọ́ńbà Ọlátẹ́jú. Kò wọlé. Ògiri amọ̀ tí bàbá wa mọ nípọn, nẹ́tíwọ̀kì yàrá náà ń wá, ó ń lọ ni. Àgbàlá nìkan ló ti ń mú dáadáa, lẹ́bàá kànga. Ibẹ̀ gan-an ni Ìyá Láoyè àti àwọn obìnrin méjì jókòó sí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

Àyọ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ ọ́."

Mo jáde, mo pè. Ọlátẹ́jú fara balẹ̀ gbọ́ mi, àmọ́ ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹnu tó sẹ́ ọmọ náà ni kó wá jẹ́wọ́ rẹ̀."

Àyọ̀kẹ́ wá. Ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn obìnrin náà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"A ò gbọ́ yín, Mà," ni Ọlátẹ́jú wí. "Níbo ni ọmọ yín wà?"

Ó tún un sọ. Wọn ò gbọ́. Ọwọ́ Ìyá Láoyè ti dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Mà? Ṣé ẹ ṣì wà lórí ìlà?"

"Kigali!" Àyọ̀kẹ́ figbe ta, àwọn adìyẹ fò lọ. "Kigali ló wà! Èmi ni mo bí i! Bàálù ló wọ̀ lọ ní ọjọ́ Ajé, irọ́ ni mo pa fún yín!"

"Ṣé òògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà?"

"Sẹ́ptírìn! Kí wọ́n má fún un ní Sẹ́ptírìn o!"

"Ẹ ṣé, Mà. A máa bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ báyìí."

Ìyá Láoyè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, Mọdákẹ́kẹ́ ti wá jìnnà o."

Obìnrin kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Àyọ̀kẹ́, ó gbé e mì. Àyọ̀kẹ́ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èèpo ẹ̀gúsí. Ìyá Láoyè dìde, ó gbé àpótí tó fi jókòó fún un, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sílẹ̀.

Fàòsíyà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ti gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n pe ìrun alásárì ní mọ́ṣáláṣí òkè. Ọyẹ́ da erukuru sórí ẹ̀gúsí, ẹnikẹ́ni ò gbé e wọlé. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, Àyọ̀kẹ́ á dìde. Ilé iṣẹ́ tó ń polówó dátà ni.

"Ahọ́n mi ni," ló ń wí ṣáá. "Ahọ́n mi ni."

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Fàòsíyà tó pè. Wọ́n ti ṣe é tán. Dókítà ní bí wọ́n bá pẹ́ sí i díẹ̀, ì bá ti bẹ́ sí i nínú. "Ó ti lajú, Màámi. Ó ní ṣé ẹ ti mọ̀ pé òun ra ìnṣọ́ránsì."

Àyọ̀kẹ́ fi gèlè nu ojú. "Sọ fún un pé gbogbo ilé ló mọ̀."

Bí mo ṣe ń wọlé, ẹnì kan fa apá aṣọ mi. Ìyá Láoyè ni.

"Ọkọ mi àgbà, nǹkan tí ọmọ yẹn rà yẹn, ṣé ó dé Gánà?"

"Ó dé bẹ̀. Ta ló ń lọ sí Gánà?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ní ẹnì kan ń lọ ibì kan? Mo kàn béèrè ni."

N kò bi í mọ́. Mo ní kó pe Láoyè wá, kó mú fóònù rẹ̀ dání.