Ọmọ Ọdún Mẹ́tàlá Lẹ́ẹ̀kejì

“Dúró ná, Kafilat, má tíì wọ̀ mí ní ìbọ̀sẹ̀. Mo ti fẹ́ dé ibi tó le.”

Kafilat gbé ìbọ̀sẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ níwájú àga. Mummy Margaret na ìwé jìnnà sí ojú, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórin bí àwọn Júù ṣe ń ka ìwé mímọ́ wọn. Ohùn arúgbó ni lóòótọ́, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà mọ ibi tó ń lọ. Mala. Noa. Hogla. Tirsa. Ó kọjá síwájú, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Kafilat ń ka orúkọ náà lọ́kàn. Milka dà? Orúkọ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni ohùn tí Isaac, tíṣà màmá, gbà sílẹ̀ ń kọ wọ́n jáde látinú fóònù tí òun bá ń wẹ màmá lọ́wọ́, etí òun sì ti mọ̀ wọ́n bí orúkọ àwọn ọmọ ìyá òun. Ìyá arúgbó tún ti fo Milka!

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó dùn, Mummy. Ó dùn gan-an ni.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, mà.” Kafilat dorí kodò, ó mú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, irọ́ kọ́ ló pa o. Ó dùn lóòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò pé ni.

Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ń múra fún báàtì mísífà lè rò pé ọpọlọ màmá ti ń jó àjórẹ̀yìn. Ayẹyẹ ọmọdé ni àwọn Júù mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ á pé ẹni ọdún mẹ́tàlá, á dúró níwájú ìjọ, á ka Tórà, ìwé òfin Mósè, lójú gbogbo èèyàn, láti ọjọ́ náà ni wọ́n á sì ti máa kà á sí àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Margaret wà lọ́mọdé, wọn kì í ṣe é fún obìnrin ní sínágọ́gù bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gòkè lọ kà. Òun jókòó lókè lọ́hùn-ún láàárín àwọn obìnrin, ó ń kà á sínú, torí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lòun náà ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

Àwọn àgbà wọn wá ní ìlànà kan. Wọ́n ní àádọ́rin ọdún ni Sáàmù kà fún ọmọ èèyàn láyé, pé ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn. Ẹni tó bá wá di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó tún padà di ọmọ ọdún mẹ́tàlá nìyẹn. Sínágọ́gù tí Margaret ń lọ nísinsìnyí, obìnrin ń kà níbẹ̀ bí ọkùnrin. Ọjọ́ tí Isaac rán an létí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ife tíì ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ó ní, “Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?”

Kafilat ti tọ́jú arúgbó káàkiri ní London, láti Thamesmead East títí dé Woolwich níbí lẹ́yìn Connaught Estate, kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá yìí ní ìbàdí, síbẹ̀ á fi irin tó fi ń rìn sílẹ̀, á di etí síǹkì mú, á dúró kàwé títí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Bí Kafilat bá ní kó jókòó, á ní, “Ṣé wọ́n ń jókòó kà á ni?” Ẹni bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kafilat fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tó bá dé ilé, ìtàn rẹ̀ ló máa ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà yìí gan-an ló mú wọn dọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ tí Kafilat kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí màmá ń múra fún, ó pariwo pé, “Wòlímọ̀ ni!” Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi aṣọ funfun wọ òun n'Íjẹ̀bú-Igbó, tí òun ka Kùránì lójú ẹbí àti ará, tí Àfáà fi ẹgba há abíyá dúró ti òun, bó bá di pé òun ṣì í. Margaret rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Kí ló wà níbi tí ẹ̀yin ń kà gan-an, Mummy?”

“Bàbá kan kú, kò bí ọkùnrin. Ọmọbìnrin márùn-ún ló bí. Wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀, wọ́n yọ àwọn yẹn sílẹ̀. Làwọn ọmọ bá lọ dúró níwájú Mósè, lójú gbogbo ìlú, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ìpín tàwọn.”

“Ànábì Mùsá kan náà yẹn?”

“Òun náà ni.”

“Ṣé ó fún wọn?”

“Ó lọ bi Ọlọ́run. Ọlọ́run ní àwọn ọmọ náà jàre.”

Kafilat pàtẹ́wọ́. “Háà! Kí wọ́n bá mi kà á fáwọn ẹbí bàbá mi!”

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ Milka le nìyẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ yọ sílẹ̀, kí màmá wá tún fẹnu ara rẹ̀ yọ ọ̀kan nínú wọn! Isaac ni ì bá ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Manchester, ó sì ti wà níbẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fóònù nìkan ló ń kọ́ màmá níwèé, fóònù kò sì létí.

Nígbà tí Kafilat délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gafar ọkọ rẹ̀ ń jẹun kó tó gbé takisí rẹ̀ jáde.

“Kafi, kí ló dé tójú ẹ rí báyìí?”

“Ìyá yẹn ni. Ó ń fo orúkọ kan. Ó ti ń fò ó bọ̀ tipẹ́.”

“O ti sọ fún un?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí? Ṣé kí n dúró níwájú ẹni tó ju ìyá mi lọ, kí n ní ẹ ti ṣì í?”

“Kò tiẹ̀ tẹnu ẹ wá.” Gafar bu omi mu. “Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Office yín ò ti ní kẹ́ ẹ má dá sẹ́sìn ẹnikẹ́ni? Tó bá wá fẹjọ́ ẹ sùn ńkọ́? Tíṣà ẹ̀ ń bọ̀ jàre, òun ló máa tún un ṣe.”

Kafilat gbà bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti gbà.

Isaac dé lọ́jọ́ Àlàmísì, Sátidé tó tẹ̀ lé e sì ni ayẹyẹ. Ó jókòó, ó kí Kafilat dáadáa, ó ní kí màmá bẹ̀rẹ̀. Màmá kà á, ojú rẹ̀ ń dán. Bó ṣe kan orúkọ àwọn ọmọ náà, Isaac gbọ́wọ́ sókè.

“Milka dà?”

“Mo pè é.”

“Ẹ ò pè é, Margaret. Ẹ padà.”

Ó padà. Hogla, Tirsa. Ó tún padà. Hogla, Tirsa. Ẹnu ti mọ ọ̀nà kan, kò fẹ́ gba òmíràn mọ́. Nígbà tó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Isaac he é, ó rọra ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá yín ka apá ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó máa bínú.” Màmá kọjú sí fèrèsé. Isaac kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

“Kafilat.”

“Mà.”

“Ojoojúmọ́ lo ń gbọ́ ohùn inú fóònù yẹn. Ṣé o mọ̀ pé mò ń fò ó?”

Kafilat wà nídìí síǹkì, ó ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. “Mo mọ̀, Mummy.”

“O mọ̀! O wá ń sọ fún mi pé ó dùn!”

“Mummy, ẹ má bínú. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ọmọdé kì í wojú àgbà kó ní ó ti ṣì í. Ẹ̀gàn ni. A máa dọ́gbọ́n sí i ni, títí àgbà á fi rí i fúnra rẹ̀. Mi ò fẹ́ dójú tì yín.”

“Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹnì kan bá ń ka Tórà, ẹni méjì ló máa ń dúró tì í, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tó bá ṣì í, ì báà jẹ́ olórí gbogbo wa, wọ́n á ké e síta lójú gbogbo ìjọ, á sì padà tún un kà. Kò sẹ́ni tó ń pè é lẹ́gàn. Ẹni tó gbọ́ tó dákẹ́ ló dójú tini.” Ó na ìka sí Kafilat. “Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. Mi ò mọ̀ pé arúgbó lásán lo kà mí sí.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Kafilat dé eegun, torí pé òótọ́ wà níbẹ̀.

“Pe Isaac fún mi,” ni màmá wí. “Sọ fún un pé kó ka gbogbo rẹ̀. Mi ò lọ mọ́.”

Kafilat sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi kọjá Harrow Manorway. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wò ó, kò bìkítà. Ohun tí màmá yìí ti ń retí láti kékeré ni, òun ló sì fẹ́ bà á jẹ́, òun tó pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bá màmá lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sógiri.

“Ṣé o ti pè é?”

“Mi ò pè é.”

“Mo ní kó o pè é.”

“Mo gbọ́, Mummy. Ẹ ṣì í.”

Màmá yíjú padà. “Kí lo sọ?”

“Mo ní ẹ ṣì í.” Kafilat sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sọ irú rẹ̀ sí ẹni tó jù ú lọ rí. “Àwọn ọmọ yẹn ò rán ọkùnrin kankan sí Mùsá. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fún Isaac, ẹ ti ṣì í pátápátá.”

Màmá wò ó títí. Kafilat rò pé òun ti rí òpin iṣẹ́ òun.

“Ó ti yẹ kó o ti máa bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀,” ni màmá wí. “Gbé irin mi wá.”

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Màmá di síǹkì mú, Kafilat dúró lápá òsì rẹ̀. Mala, Noa, Hogla, Tirsa.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mà, ó dà bí ẹni pé Milka...”

“Kí lò ń bẹ̀ mí fún? Ké e!”

“Milka.”

“Ṣé ò ń sọ ọ́ fún síǹkì ni?”

“MILKA!”

Aládùúgbò gbá ògiri. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Tó bá fò ó, ariwo á sọ. Kó tó di pé wọ́n tan àbẹ́là Sábáàtì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ń pe Milka dáadáa, á sì tún sọ ọ́ nù nígbà mìíràn. Wọ́n fóònù Isaac pé màmá kò lè gbé irin gòkè, ṣé Kafilat lè dì í lápá mú níbi ìkàwé? Isaac rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí òfin kankan tó ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣubú kó tó kàwé.

Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ Kafilat. Ó wọ ìjáàbù rẹ̀ tó dára jù, ó lọ.

Sínágọ́gù náà kéré, ó sì kún. Wọ́n ṣí ìwé kíká ńlá náà sílẹ̀, kò sí àmì orin kankan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ lọ rẹrẹ. Isaac dúró lọ́tùn-ún. Kafilat di màmá mú lósì, ó ń gbọ́ bí ọkàn arúgbó náà ṣe ń lù lábẹ́ aṣọ. Margaret gbé àgbọ̀n sókè, ó bẹ̀rẹ̀.

Mala. Noa. Hogla. Ó dúró díẹ̀. Milka! Tirsa! Kafilat mí kanlẹ̀, ó ní Alhamdulillah sínú. Isaac fa áńkáṣífù yọ, ó ń nu ojú.

Ibi tí kò sẹ́ni tó retí ni ọ̀ràn ti wá dé. Níbi tí àwọn ọmọ náà ti la ẹnu béèrè ìpín wọn, ibi tí màmá kò ṣì rí, kódà nínú báàfù, ojú rẹ̀ fò láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Ó fo ìbéèrè wọn pátápátá, ó ń lọ. Kafilat wo Isaac. Omi ti kún ojú Isaac, kò gbọ́. Ó wo àwọn tó jókòó níwájú. Àwọn kan gbọ́. Ó hàn lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ń káàánú arúgbó. Kafilat mọ ojú yẹn. Òun náà ti gbé e wọ nídìí síǹkì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

“Tená lánù!”

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ohùn òun lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. “Ẹ fún wa” ni lédè Hébérù, ibẹ̀ ni ìbéèrè àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ohùn fóònù sì ṣe ń kọ ọ́ láràárọ̀ ló ṣe ké e.

Margaret dúró. Ó fa ọ̀pá fàdákà tó fi ń tọ ìlà padà sẹ́yìn, ó ń wá a, ó rí i. Kò wo Kafilat. Ó kàn di apá rẹ̀ mú mọ́ra pinpin, ó gbé ohùn sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì tún ìbéèrè àwọn ọmọ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ fún wa ní ìpín láàárín àwọn arákùnrin bàbá wa.

Kafilat sún mọ́ ọn sí i, ó tẹ́tí sí ìlà tó kàn.