Ìwé Tó Sọnù Níwájú Daddy Jesse

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Títí di òní, kò tíì yé mi bí kọ̀ǹpútà kan ṣe lè ní ojú méjì, kí ohun tó wà lójú kìíní má sì sí lójú kejì.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ọkọ mi, Daddy Jesse, fi bẹ̀rẹ̀ níléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n tó di ọ̀gá, kí ìjọba tó fún wa ní fúláàtì yìí ní Festac. Wọn kì í wo ọwọ́ tí wọ́n bá ń tẹ̀wé. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún mẹ́ta. Tí wọ́n bá fẹ́ ka ohun tí wọ́n tẹ̀, wọ́n á gbé gíláàsì tó ń mú lẹ́tà tóbi lé ojú kọ̀ǹpútà, imú wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Sátidé, Jesse ọmọ wa gbé wáyà gígùn kan wá láti Satellite Town. Ó fi so kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìjẹun mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri.

"Daddy, ohunkóhun tí ẹ bá ṣí báyìí, orí TV ló máa jáde sí. Ẹ ò ní máa forí gbá monitor mọ́."

Ó fa ọfà kékeré tó ń tọ́ka nǹkan yẹn sápá ọ̀tún. Ọfà jáde kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ó yọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo pariwo, "Jésù!" Mo bi í pé ibo ló gbà kọjá. Ó ní ká sáà ka ojú méjèèjì sí tábìlì kan tó gùn. Tábìlì wo? Ó ṣàlàyé títí, ó sú mi.

"Daddy, ṣé ó clear?"

"Ó dára gan-an," ni Daddy Jesse wí, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mò ń po ògì ní kíṣìnì nígbà tí wọ́n kígbe.

"Bernice! Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi? Ìwé tí mo ti ń tẹ̀ láti oṣù kan, mo ṣí i, kò sí níbẹ̀!"

Inú bí mi. Ọdún méjìdínláàádọ́ta nílé ọkọ, n kò tíì di olè ìwé. Wọ́n pe Jesse, mò ń gbóhùn rẹ̀ lórí fóònù.

"Daddy, ẹ wo TV."

"Mo ti wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Jesse ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún tàn án. Kò sí. Ó ní kí wọ́n yọ wáyà, kí wọ́n tún tì í bọ ojú ihò rẹ̀. Kò sí. Ọ̀rọ̀ rú ọmọ náà lójú, ó ní òun á yà tí òun bá kúrò níbi iṣẹ́.

Mo gbé ògì wọ pálọ̀. Lẹ́tà dúdú wà lórí tẹlifíṣọ̀n gàdàgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò mi. Mo kà á: Ọ̀RỌ̀ ÌDÁGBÉRE FÚN ÌYÀWÓ MI, OLÓÒGBÉ BERNICE GBÁDÉGẸṢIN.

Èmi? Olóògbé? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Àmùwó, dókítà sì dá Daddy Jesse dúró, ó bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí mo jáde. Ẹ̀rù bà mí dénú egungun.

"Daddy Jesse, kí ni dókítà sọ fún yín nípa mi?"

"Ọ̀rọ̀ ojú mi ló bi mí. Ara tìẹ le. Ìwé mi ni mò ń wá."

"Ìwé ìsìnkú mi tí ẹ ń wá, ó wà níwájú yín!"

"Níwájú mi níbo?"

"Lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ dojú kọ yẹn."

Wọ́n nawọ́ síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn.

"Funfun lásán ni mò ń rí níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ohun tí imú mi bá kàn nìkan ni mò ń rí láti Easter."

"Ẹ sì sọ fún Jesse pé ó dára?"

"Ọmọ náà ra wáyà."

Mo gbé ògì sílẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi ń sin mí láàyè?"

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn ṣá. Ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti tẹ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì wọn sínú fáìlì.

"Ojú mi ń lọ, Bernice. Bí o bá ṣáájú mi, ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ? Jesse ò mọ̀ ẹ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún. Èmi mọ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè yẹ̀ ẹ́ wò."

"Tiyín ńkọ́?"

"Ìwọ lo máa kọ ìyẹn. Ìwọ lo ríran."

Mo fẹ́ bínú, ẹkún ló gbọ̀nà. Mo jókòó tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún wọn. Mo dé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí mi ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Alákijà, nínú gáùn búlúù.

"Gírínì ni," mo wí.

"Búlúù ni. Ojú mi dára nígbà yẹn."

Gírínì ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n búlúù ni mo kà á, títí mo fi kà á tán.