Yanrìn Inú Àpáàdì

Àpáàdì mẹ́sàn-án ni purofẹ́sọ̀ òyìnbó kan fi ránṣẹ́ sí Adéróunmú, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa òkúta ní Ìbàdàn. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Erékùṣù kéékèèké láàárín òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti hú wọn, wọ́n sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Iṣẹ́ Adéróunmú ni láti wo irú egúnrín òkúta tó wà nínú amọ̀ wọn, kó fi mọ ibi tí wọ́n ti mọ ìkòkò náà. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá wu purofẹ́sọ̀, yóò gbà á sí yunifásítì tirẹ̀. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà.

Òkè oníná ló bí àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn. Egúnrín dúdú nìkan ló yẹ kó wà nínú amọ̀ ibẹ̀; ilẹ̀ ńlá ni funfun ti máa ń wá. Àmọ́ nígbà tí Adéróunmú fi maikirosíkóòpù wò ó, egúnrín funfun tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ló kún inú méje nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Àṣé ọkọ̀ ojú omi ló gbé ìkòkò wọ̀nyí wá láti ilẹ̀ ńlá kan tó jìnnà réré! Ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin sí purofẹ́sọ̀, ó sì sáré lọ jù ú sínú àpótí nílé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀.

Ó ń súfèé padà bọ̀ sí láàbù. Oyèbọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ nípa ẹranko, ti ń dúró dè é pẹ̀lú gíláàsì pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Eegun màlúù ló wà lára rẹ̀. Bàbá Akínbíyìí, òṣìṣẹ́ láàbù tó ń bá gbogbo wọn lọ nǹkan di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ maikirosíkóòpù lè là á kọjá, ló bá a ṣe é.

"Ọ̀gbẹ́ni olókùúta, bá mi wo èyí. Kí ló ń dán nínú eegun mi?"

Adéróunmú wò ó. Egúnrín funfun ni, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì.

"Àbí òkúta ni màlúù yìí ń jẹ ní Bódìjà?" Oyèbọ́lá bú sẹ́rìn-ín.

Adéróunmú kò rẹ́rìn-ín. Ó bá Bàbá Akínbíyìí lẹ́yìn láàbù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń lọ nǹkan wọ̀nyí?"

"Yanrìn."

"Yanrìn! Ìyẹ̀fun òyìnbó tẹ́ ẹ fi ń lọ òkúta ńkọ́?"

"Ó ti tán látìgbà Iléyá. Méjì péré nínú tìrẹ ló bá a. Wọ́n ní ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n kó o wọlé mọ́. Mo bá lọ sódò ní Àpẹ̀tẹ̀, mo fọ yanrìn dáadáa, mo fi ìborùn ìyàwó mi, ìyá Àtọ́kẹ́, jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Bàbá, ó ti há sínú gbogbo ihò àpáàdì mi! Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"O ò bi mí. Ohun tẹ́ ẹ ń wí ṣáá ni pé: Bàbá, ẹ ṣe é kíá. Bàbá, ẹ ṣe é kíá. Ṣé kí n fi eyín lọ̀ ọ́ ni?"

Adéróunmú di orí mú. Àpẹ̀tẹ̀ ni ilẹ̀ ńlá tó jìnnà réré!

Nínú takisí tó tún gbé e lọ sí Dùgbẹ̀, ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ inú bí i sí ìrònú náà. Odindi oṣù mẹ́ta ló fi wá ìdáhùn; kò lè fi irọ́ rọ́pò rẹ̀.

Zùwáírátù, obìnrin tó jókòó nídìí káńtà, kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tí Adéróunmú bẹ̀ ẹ́ pé kó dá lẹ́tà náà padà fún òun.

"Lẹ́tà tó ti bọ́ sínú àpótí kì í ṣe tìẹ mọ́. Ẹni tórúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀ ló ni ín."

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà!"

"Báyìí náà làwọn tó bá kọ̀wé bú àfẹ́sọ́nà wọn ṣe máa ń wí. Inú ẹ̀ á rọ̀, fi í lẹ̀."

"Kì í ṣe àfẹ́sọ́nà. Purofẹ́sọ̀ ni!"

"Ìyẹn ló tún burú jù."

Ó ra ìwé míì, ó kọ ọ́ lórí ìdúró: yanrìn Ìbàdàn ni egúnrín funfun yẹn. Àpáàdì méjì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun lọ̀ nìkan ló ṣeé gbà gbọ́, egúnrín dúdú ló wà nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti hú wọn náà ni wọ́n ti mọ wọ́n. Kò sí ọkọ̀ kankan. Kò sóhun ìyanu kankan.

"Mà, ṣé èyí lè kọ́kọ́ dé?"

"Àpò kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí."

Adéróunmú mí kanlẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ obìnrin náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn lẹ́tà pé èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti lẹ́tà náà sẹ́nu àpótí.

"Bírò mi," ni Zùwáírátù wí.